Bí Bàbá Mi Ṣe Fi Íńtánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Rá Pálá Kọ́ Àwọn Ọmọ Yunifásítì ní Ọkọ̀ Kíkàn

Bàbá mi kò wọ ilé ìwé rí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn láti kékeré, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká débi pé láti Abereke wa yìí létí òkun títí dé Zion Pepe, tí apẹja kan bá fọ́nnu pé ọkọ̀ òun kì í jò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé bàbá yẹn ló kàn án?" Inú òórùn igi tútù àti ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú pákó ni mo dàgbà sí. Ìró òòlù rẹ̀ ló ń jí mi lọ sí ilé ìwé láàárọ̀.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣe tíṣà ìṣirò ní Àkúrẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ìyá wa kú, tí bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni kúrò létí omi lọ gbé ní òkè, mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé girama tó wà létí omi níbí. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé orí mi ti dàrú. Àwọn tí wọ́n bá gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa láti ìlú mìíràn a máa bẹ ọ̀gá kí wọ́n yí i padà; èmi ni mo fọwọ́ ara mi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Àdéhùn kan péré ni mo bá ara mi ṣe: n kò ní gbé ibi tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kan wà ní Àkúrẹ́ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, àwọn òbí wọn sì ti gbà pé kí n máa bá a lọ láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ti ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ní Ìgbọ́kọ̀dá, mo wọ ọkọ̀ lọ ra rọ́tà wọn, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Lára páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ALÁÌLÓPIN. Mo fi ọ̀rá méjì wé e, mo gbé e sáyà bí ọmọ tuntun títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí ilé.

Nígbà tí mo gbé e sínú yàrá, kò mú nǹkankan. Bàbá mi wò ó, ó wo òrùlé, ó ní, "Òpó ni nǹkan yìí ń fẹ́." Ó fi igi tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ kan ṣe òpó gígùn kan, ó dè é mọ́ igun ilé, ó kan àpótí kékeré sí orí rẹ̀ tó ní ihò afẹ́fẹ́, tí òjò kò sì lè wọ̀. A fa wáyà rẹ̀ láti ara sólà. Kò ju ìgbà tí èèyàn lè fi sebẹ̀ lọ, iná rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo ya àwòrán òpó náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti sọ pé orí mi dàrú.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ń rí ojú mi kedere, mo ń rí tiwọn. Lọ́jọ́ kan bàbá mi dúró lẹ́yìn mi títí tí mo fi parí, ó wá béèrè pé, "Ṣé nǹkan yìí lè fi bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń kan ọkọ̀ hàn mí?" Mo wá fídíò kan fún un, ti ọkùnrin kan ní ilẹ̀ olótùútù tó ń fi ooru omi gbígbóná tẹ pákó. Bàbá mi wò ó tán. Ó kàn ní, "Tún fi hàn mí." Mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì mi kí fídíò lè tún bẹ̀rẹ̀ hàn án, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pé mo ti dé ìwọ̀n tó yẹ kí n lò, àti pé wọ́n ti dín iyára íńtánẹ́ẹ̀tì mi kù títí oṣù yóò fi parí. Mo rò pé àṣìṣe ni. Àìlópin kọ́ ni mo rà? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń yanjú ìṣirò kan, àwòrán ojú mi dì gbagidi níwájú wọn. Wọ́n ní ohùn mi ń dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ nìyẹn, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọmọ kan pè mí, ó fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí: "Àǹtí, a mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ lọ jókòó sí. Ọmọ mi ní ìdánwò." Ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ "ibi tí ẹ lọ jókòó sí" yìí ló gún mi jù. Ní ọjọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní ọ́fíìsì wọn gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó yí páálí rọ́tà tuntun kan padà, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́tà rẹ̀ kéré tó iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìlópin ni, bí oníbàárà bá lò ó níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

"Ta ló ń mọ ìwọ̀n náà?" mo bi í.

"Ilé iṣẹ́ ni, mà."

"Kí ló dé tí wọn ò kọ iye rẹ̀ síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mà, àwọn tó wà nínú omi lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe?"

Mo gbé àpò mi, mo jáde. Mo mọ̀ pé tí mo bá ya ẹnu, ohun tí kò yẹ tíṣà ni yóò jáde. Gbogbo ọ̀nà padà sílé ni mò ń da ìdáhùn rò, àwọn tó dára jùlọ sì wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í dúró síbi tó yẹ. Alhaja kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó ń ta àwọ̀n àti okùn fún àwọn apẹja. Afárá pákó kékeré ló so ilé wa pọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Ìlọrin, Alhaja kò sì tíì rí ọmọ-ọmọ náà sójú. Nítorí náà mo ti fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rọ́tà wa kí ó lè máa rí wọn lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí mo ti ń ti Ìgbọ́kọ̀dá bọ̀, mo ti dá a lẹ́jọ́. Mo ní òun ló ń jẹ dátà mi tán. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà láìsọ fún un.

Ó gba orí afárá kọjá wá bá mi. "Tíṣà, nǹkan yín ò mú fóònù mi mọ́."

"Alhaja, ẹ ń lò ó jù," mo wí fún un. "Iṣẹ́ ni mò ń fi ṣe."

Ojú rẹ̀ rọ̀. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí ẹ fún mi lò," ó sì yí padà.

Bàbá mi gbọ́ láti inú àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìfági sílẹ̀, ó wọlé, eruku igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Kí lo sọ fún obìnrin yẹn?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí. 

"Ọma mi," ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ, kì í sì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. "Èmi ni olè tí ò ń wá."

Láti ìgbà tí mo ti fi fídíò ọkùnrin ilẹ̀ olótùútù yẹn hàn án, bí mo bá ti jáde lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ ni bàbá mi ti máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mi sórí pákó níwájú rẹ̀. Kò lè kàwé, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé bí ọ̀kan bá parí, àwòrán òmíràn á yọ nísàlẹ̀, tí òun bá sì tẹ̀ ẹ́, á ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ó ti rí àwọn tó ń fi okùn rán pákó pọ̀ láìlo ìṣó kan. Ó ti rí àwọn tó ń fi iná jó inú igi kí ó lè là. Ó ka ohun tó rí sí mi létí bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ó wá ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ ni. Wọn ò mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Wọ́n kàn mọ̀ ọ́n lọ́tọ̀ ni."

Mo fẹ́ bínú, n kò lè bínú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nígbà náà, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwa méjèèjì jọ gba orí afárá lọ bá Alhaja. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi náà jẹ́wọ́. Alhaja wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Bàbá," ó ní, "èmi rò pé ọjọ́ ogbó ló ń mú òòlù yín dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀!" Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde kí n tún ọ̀rọ̀ ìwọlé náà kọ sí i.

Láàárín oṣù yẹn kan náà ni obìnrin kan wá láti yunifásítì kan. Ọmọ ìhà Ọ̀ṣun ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ti sọ fún un nípa bàbá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ayára nìyẹn.  Ó lo ọjọ́ kan gbáko nínú àtíbàbà bàbá mi, ó ń fọwọ́ pa ara ọkọ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò lè kó gbogbo wọn wá síbí, ṣùgbọ́n a lè ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Èdè wo ni màá fi kọ́ wọn?"

"Èdè yín ni, bàbá. Èmi á máa túmọ̀ fún àwọn tí kò bá gbọ́."

Bàbá mi bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí a rí ojú òun ni.

Wọ́n fi í sí ọjọ́ Wẹ́sídeè kan nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sí òpin oṣù tí mo san fún, ọjọ́ mẹ́ta péré kí ìwọ̀n tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a gba ààwẹ̀ dátà. Bàbá mi kò fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì. Alhaja fúnra rẹ̀ ní òun ò ní pe Ìlọrin ní Jímọ̀ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí wọ́n lè rí bàbá dáadáa," ó wí. Èmi pàápàá pa àwòrán nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ mi, ohùn nìkan ni mò ń lò. Lójoojúmọ́ ni mò ń yẹ ohun tó ṣẹ́ kù wò, ó sì ń tó wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè, mo ti ilé ìwé dé, mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù mi. *Ẹ ti dé ìwọ̀n yín.*  Mo pe bàbá, kò lò ó. Alhaja kò lò ó. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì láàárọ̀, òun ló sì jẹ́ ìdáhùn: ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ni kọ̀ǹpútà náà jókòó sílé tó ń fa àtúnṣe tirẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wákàtí lẹ́yìn wákàtí, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti fi ẹ̀sùn kan gbogbo ènìyàn, nǹkan tèmi ló mu àmù dátà wa gbẹ.

Mo gbìyànjú láti ra ètò tuntun. Wọ́n ní kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ti àtijọ́ bá parí lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù lásán sì rèé, ìpè nìkan ló máa ń gbé dáadáa níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, mo gbàyè ní ilé ìwé, mo pe àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Lẹ́yìn orin gígùn, ọ̀dọ́bìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun káàánú mi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òun lè ṣe títí di Sátidé. Bàbá mi na ọwọ́. "Gbé e fún mi."

"Ọmọ mi, o káàárọ̀. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó dúró kí ó dáhùn tán. "Iṣẹ́ mi ni pé mò ń kan ọkọ̀ ojú omi. Jẹ́ ká ní mo ta ọ̀kan fún ẹ, mo ní kò sí iye èèyàn tí kò lè gbé. O kó gbogbo ará ilé rẹ sí i. Nígbà tí ẹ dé àárín òkun, mo pè ọ́, mo ní ó ń gbé gbogbo yín lóòótọ́, kò sì ní rì, ṣùgbọ́n láti ibi tí ẹ dé yìí lọ, kò ní rìn ju ìgbín lọ títí di Sátidé. Kí lo máa pè mí?"

 Mo gbọ́ ẹ̀rín tí ó ń gbìyànjú láti pa mọ́ra. "Bàbá… màá pè yín ní gbájú-ẹ̀."

"O ṣeun. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Bàbá, mi ò lágbára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má yọ òkun kúrò níbẹ̀."

Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ wọ aṣọ iṣẹ́. Mo ti lọ aṣọ léèsì rẹ̀ sílẹ̀, kò wò ó. "Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́," ó ní, "kì í ṣe ìyàwó ni mo fẹ́ gbé." Ó to ayùn, ìfági àti òòlù sórí pákó nínú àtíbàbà, níwájú ọkọ̀ kan tó ti kàn dé ìdajì. Mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá, ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ ní kéékèèké, àwọn kan ní àwọ̀, àwọn kan jẹ́ òkùnkùn. Olùkọ́ wọn kí bàbá. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti kí wọn padà, ibẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ sì dì lójú kọ̀ǹpútà: ẹnu rẹ̀ ṣí, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Mo gé e, mo tún wọlé. Ó tún dì. Olùkọ́ náà kọ̀wé sí mi pé, "A ò rí nǹkankan o." Mo tún wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ń tì mí, mo ń rántí ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn àti ẹ̀rín rẹ̀.

"Ohùn ńkọ́?" bàbá mi béèrè.

"Tí a bá pa àwòrán gbogbo ènìyàn, ohùn lè kọjá. Ṣùgbọ́n bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ ọ láìríran?"

Ó wo àwọn irinṣẹ́ tó ti tò kalẹ̀. "Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ mi, ojú rẹ̀ ti fọ́," ó wí. "Ẹnu àti ọwọ́ ló fi kọ́ mi. Pa àwòrán náà."

Mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo pa àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ohùn olùkọ́ sì wọlé kedere: "Bàbá, a ń gbọ́ yín."

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," bàbá mi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ fi bírò sílẹ̀. Ẹ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bomi mu. Ṣé ẹ ti ṣe é? Ibi tí ìka kékeré yín ti fara kanra, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò yín ni etí rẹ̀. Ẹ fún ọwọ́ yín pọ̀ díẹ̀: ọkọ̀ ti tín-ín-rín, á sáré, ṣùgbọ́n á dà yín sómi. Ẹ wá là á: á dúró, ṣùgbọ́n á rẹ̀ yín kí ẹ tó wà á débìkan. Ẹ máa fún un, ẹ máa là á, títí ọwọ́ yín fi máa sọ fún yín pé ó tó."

Ó dúró. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ẹ gbé orí ìka yín sókè. Òkun ló kọjú sí ilé mi, kì í ṣe ọ̀sà. Ìgbì rẹ̀ a máa dìde dúró. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá wálẹ̀ níwájú rẹ̀, á mumi yó."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a lọ. Olùkọ́ náà ń túmọ̀ fún àwọn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá òun náà gbàgbé láti túmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan béèrè bí bàbá ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, nígbà tí kò sí ìwé tó ya ọkọ̀ sí. Bàbá mi ní kí wọ́n tẹ́tí. Ó mú òòlù, ó kan pákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kan ti òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Èwo ló wúwo?"

 Ó tún kàn wọ́n.

"Òsì!" ohùn obìnrin kan ké jáde, lẹ́yìn náà àwọn mìíràn: "Òsì ni! Òsì!"

"Ẹ gbọ́ ọ!" bàbá mi pariwo, ó yí ojú sí mi, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọ̀dọ́. "Wọ́n gbọ́ ọ!" Ó mú ìfági, ó fá pákó òsì náà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí irin ṣe ń jẹ igi, ó tún kàn án. Ó ń fá, ó ń kàn, títí ohùn méjèèjì fi di ọ̀kan, tí àwọn ọmọ yunifásítì fi pàtẹ́wọ́ sí i láti ibi tí wọn ò ti rí i. Alhaja tó ti wá dúró sẹ́nu àtíbàbà náà pàtẹ́wọ́.

Wákàtí kan ni wọ́n fún un. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Kí ó tó parí, ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ dáhùn yẹn ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlàjẹ wa gan-an, ó ní ọma Molutehin, abúlé kan létí omi wa, ni òun, apẹja ni bàbá òun. Ó ní láti ọdún méjì tí òun ti wà ní kíláàsì náà, òun ò sọ ibi tí òun ti wá fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n máa ń fi àwọn ará omi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ̀ tí bàbá mi ń gbé lọ sójú omi," ó wí, "ẹ̀yin lẹ kàn án."

Bàbá mi bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́. Bàbá mi mi orí. "Ọkọ̀ náà ṣì ń dúró dáadáa?"

"Ó ń dúró, bàbá."

Ẹ má rò pé mò ń yin ilé iṣẹ́ náà o. Wọn ò dá wa lóhùn títí di òní, lẹ́tà tó kéré tó iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lábẹ́ páálí wọn, lópin oṣù púpọ̀ sì ni ojú mi ń dì níwájú àwọn ọmọ Àkúrẹ́. Owó tí mò ń san yẹ fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ìlà náà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níbí: kí wọ́n ṣírò ìgbà tí ohun aláìlópin máa dópin. Wọ́n yanjú rẹ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí ni àwọn tó wà nínú omi fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, n kò wá ìdáhùn sí i mọ́.

Olùkọ́ náà ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ọkọ̀ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́. Bàbá mi jókòó ti tábúlẹ́ẹ̀tì, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń ṣí, ó ń dájọ́. "Èyí máa rì. Èyí máa gbé ìyàwó àti ẹrù. Èyí, ẹni tó yà á ò tíì rí omi rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ràn." Ti ọmọ Molutehin ló pẹ́ jù níwájú rẹ̀. Kò dájọ́ rẹ̀. Ó kàn ní kí n bá òun tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé ní Ìgbọ́kọ̀dá.

Ó kàn wọ́n mọ́ ara pákó àtíbàbà, àwọn tó máa rì nísàlẹ̀, àwọn tó máa lọ lókè. Atẹ́gùn òkun ya méjì lára wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó tún fi ìṣó kún ìṣó. Báyìí, bí apẹja kan bá wá ra ọkọ̀, bàbá mi kì í kọ́kọ́ mú un lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Á mú un dúró níwájú àwọn ìwé náà, á na ọwọ́ sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn," ni yóò wí. "Yunifásítì ni wọ́n wà."